Ẹ̀yìn Màpó

Lọ́sẹ̀ yìí, àwọn ará Mọ́níyà ló kàn láti gba gbọ̀ngàn Màpó. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n wá gbé e kúrò lórí òkè wa ní Ìbàdàn, tòun tàwọn òpó ńláńlá iwájú rẹ̀. Ilé Kòkó ṣì wà ní Apáta títí di ọjọ́ Ẹtì.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n pè mí láti Mọ́níyà pé kí n wá mú bàbá mi. Mo bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ onílé kan níbẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Ṣé kì í ṣe ilé mi nìyí ni? Ọgọ́rin ọdún ni mo ti ń gbé ẹ̀yìn Màpó. Màpó náà rèé!"

Mo gbójú sókè. Lóòótọ́, Màpó náà rèé.

"Wọ́n ti gbé e kúrò nílé, Bàbá."

"Kí ló dé tí wọn ò gbé ilé mi tẹ̀lé e?"

Onílé, Ìyá Adétọ̀kí, ní, "Ẹ má bá wọn jà, àǹtí. Ẹnì kẹta tí mo máa fún lóúnjẹ lónìí nìyẹn."

Mo rọ bàbá mi wọnú ọkọ̀ aláìláwakọ̀. Ọkọ̀ náà béèrè ibi tí à ń lọ.

"Ilé wa, ẹ̀yìn Màpó!" ni mo fi ìbínú sọ.

Kò tilẹ̀ mira. Ó ní, "A ti dé."

Mo wá orúkọ míì tí à ń pe ilé wa títí, mi ò rí. Bàbá mi ṣílẹ̀kùn, wọ́n padà sídìí ẹ̀kọ wọn.