Ẹ Fún Un Lọ́mú, Màmá

Obìnrin kan wà ní pálọ̀ mi, ó ń ṣèwádìí bí ọkàn àwọn ọmọdébìnrin tó ti bímọ ṣe rí.

"Kò sí wọn níbí o." Mo rọra ti ilẹ̀kùn kí àwọn alájọgbélé má baà gbọ́.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Màmá." Ó ń wo ọmọ tí mo pọ̀n.

"Àbígbẹ̀yìn mi ni."

Ó kọjú sí ọmọbìnrin mi tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Àbúrò, ṣé o ń rí oorun sùn?"

Mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. "Eléyìí? Tẹ́ ẹ bá gbé e jù sódò, kò ní jí!"

Irọ́ ni. Alaalẹ́ ni mò ń gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀yìn mi bú sẹ́kún. Mo jó, mo jó, kò gbọ́.

"Ẹ fún un lọ́mú, Màmá. Ẹ má tijú mi."

"Ó... ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán ni."

Ojú obìnrin náà ti kúrò lára mi.

Ọmọbìnrin mi fọwọ́ bo àyà. Omi ọmú ti rin aṣọ rẹ̀ gbindin.

Ojú ń tì mí. Mo tú ọ̀já, mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀.