Ọjọ́ Kan Ṣoṣo Tí Jules Fún Gbogbo Abúlé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ sì pa á tì. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí àkọsílẹ̀ ẹlòmíì wà lọ́wọ́ yín.

1. Lọ́dún 1987, Jules ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì kan ní Atakpamé tó ń gbẹ́ kànga fún àwọn abúlé. Abúlé tó bá kọ́kọ́ béèrè ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbẹ́ fún. Bí wọ́n bá ti tẹ orúkọ abúlé wọlé, ẹ̀rọ á fúnra rẹ̀ kọ ọjọ́ tó bọ́ sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Moretan ló wà lókè pátápátá, láti 1984. Ibẹ̀ ni Élisabeth, àbúrò ìyá Jules, ń gbé. Omi odò ni wọ́n ń mu, sòbìà sì ń yọ wọ́n lẹ́sẹ̀.

2. Ètò àkọsílẹ̀ tuntun fún kọ̀ǹpútà náà dé láti Lomé. Wọ́n ní kí Jules kó gbogbo orúkọ inú ti àtijọ́ sínú rẹ̀. Màdámù Dorothée, akọ̀wé tó ti pẹ́ jù lọ ní ọ́fíìsì, kìlọ̀ fún un:

"Jules, èyí náà ń kọ ọjọ́ fúnra rẹ̀ o. Bó ò bá dá a dúró, kó o kó ọjọ́ àtijọ́ wọlé, ọjọ́ òní ló máa kọ fún gbogbo wọn. Fi abúlé méjì dán an wò ná."

Jules rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Màdámù, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lẹ mọ̀. Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún àwa tá a kàwé ẹ̀."

Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ! Ó da gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tún un wò, ó ti pa ti àtijọ́ rẹ́ kúrò lórí àwọn díṣíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀.

3. Nígbà tí ọ̀gá ọ́fíìsì wo àkọsílẹ̀, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta 1987 ló wà níwájú gbogbo abúlé. Moretan tó ti ń retí láti ọdún mẹ́ta àti Akparé tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá ti di ẹgbẹ́! Ọ̀gá ní kí wọ́n kúkú máa tẹ̀lé A, B, D orúkọ abúlé. Akparé gba kànga. Wọ́n ní kí Moretan dúró di ọdún méjì sí i.

"Ta ló ṣe èyí?" Ẹ̀rù ba Jules. "Màdámù Dorothée ló fọwọ́ kàn án, ọ̀gá."

Wọ́n lé Dorothée níbi iṣẹ́.

4. Ọjọ́ tí Dorothée wá kó ẹrù rẹ̀ ni Élisabeth tiro dé, àkísà wé mọ́ ẹsẹ̀ tí sòbìà ń yọ jáde. Ó ti gbọ́ ẹni tí wọ́n sọ pé ó ba àkọsílẹ̀ jẹ́. Ó di èjìká Jules mú, ó sì kọjú sí Dorothée:

"Ìwọ lo gba omi lẹ́nu wa! Kí la ṣe fún ọ?"

Omijé kún ojú Dorothée. Ìtìjú bo Jules, ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Ó kúnlẹ̀.

"Tántì, irọ́ ni mo pa mọ́ Màdámù. Èmi ni mo ṣe é."

Élisabeth yọ ọwọ́ kúrò léjìká rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ tèmi á san, Jules. Ojú wo lo fẹ́ fi wọ Moretan?"

Wọ́n dá Dorothée padà síbi iṣẹ́. Ọjọ́ tó parẹ́ nínú àkọsílẹ̀ kò padà. Nígbà tí wọ́n sin ìyá àgbà Jules ní Moretan, àwọn èèyàn bi ara wọn léèrè pé ibo ni Jules wà. Ìtìjú ò jẹ́ kó lè wá.

Ẹ̀yin ará, bẹ́ ẹ bá ń kó àkọsílẹ̀ lọ sínú ètò míì, ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ ti ń kọ ọjọ́ fúnra rẹ̀, ẹ fi díẹ̀ dán an wò, ẹ má sì pa ti àtijọ́ rẹ́. Bẹ́ ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ má dì í ru ẹlòmíì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.