Ẹ̀bẹ̀ Isaac ní Ùsì

Isaac dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bàbá Fẹ́yìsayọ̀ ní Ùsì.

Joshua, ọmọ rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀.

Fẹ́yìsayọ̀, aya Joshua, dúró sẹ́yìn kọ́tìnì. Ojú rẹ̀ ṣì wú níbi tí ọkọ rẹ̀ ti lù ú.

Ó mọ̀ pé bí bàbá ọkọ bá ti dọ̀bálẹ̀, àwọn òbí ìyàwó kì í kọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, òun àti Joshua yóò tún wà nínú yàrá kan náà ní Ìkọ̀lé.

"Àna mi, sìmẹ́ńtì yìí tutù o, ẹ dìde," ni bàbá rẹ̀ wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "A ti gbẹ̀bẹ̀. Yóò bá yín relé."



Joshua dìde. Isaac kò dìde.

"Ẹ kò tí ì gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi, àna."

"Kí ló tún kù?"

"Ẹ má jẹ́ kí ó tẹ̀ lé wa. Èmi ni mo bí Joshua. Yóò pa á."

"Bàbá!" Joshua pariwo. "Ẹ ní ẹ máa bá mi bẹ̀ wọ́n ni!"

"Mo ti bẹ̀ wọ́n. Àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn."

Isaac fúnra rẹ̀ ni ó fa Joshua lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Fẹ́yìsayọ̀ kò padà sí Ìkọ̀lé mọ́.