Lítà Mẹ́sàn-án

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Suara tún jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá ojú irin Agége, ó ń wo WC méjìlá tó tò síta bí ẹni ń wo àlejò tó kọ̀ tí kò lọ. Gbogbo ohun tó ní láyé ló wà nínú wọn. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì bá sì mọ́ bá wọn níbẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà púlọ́ńbà á kó wọn lọ.

Òfin tuntun tí ẹgbẹ́ ṣe ló fà á. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ń ta WC, ẹ̀rọ omi tàbí ṣáwà gbọ́dọ̀ lẹ lébẹ̀lì mọ́ ọn lára, kó kọ iye omi tó ń lò síbẹ̀ gàdàgbà, kí oníbàárà lè rí i kó tó sanwó. WC tó bá ń lò ju lítà mẹ́fà lọ, wọn kò gbọdọ̀ bá a nínú ọjà mọ́ tó bá di ọjọ́ Ẹtì. Suara wọn tirẹ̀. Mẹ́sàn-án ni. Ó kọ mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ náà, oníbàárà á dé, á fọwọ́ pa WC lára, á yìn ín, á bẹ̀rẹ̀ ka lébẹ̀lì, á sì kọjá sọ́dọ̀ Job tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mẹ́rin ni Job kọ sára tirẹ̀. Inú kọ̀ǹténà kan náà ni WC àwọn méjèèjì sì ti jáde.

"Bọ̀ọ̀dá Suara, ẹ gbà," Job ní, ó na bírò sí i. "Ẹ pa mẹ́sàn-án yẹn rẹ́ jàre. Ta ló fẹ́ gbé omi wá síbí wá wọ̀n ọ́n?"

Suara gba bírò náà. Inú ń bí i sí Job, sí ẹgbẹ́, àti sí bàbá rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní kó fi Kùránì búra pé òun kò ní rẹ́ oníbàárà jẹ láéláé. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Ó dá bírò padà. Lẹ́yìn náà ló tún wá ń bínú pé òun dá a padà.

Lọ́jọ́rú, Alhaja kan wọlé. Ó mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́, ó sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa fa ìlà lítà kọ̀ọ̀kan sí nínú láti ìsàlẹ̀ dókè. Suara fò dìde. Ẹni tí ẹgbẹ́ rán nìyí, wọn kò tilẹ̀ dúró dọjọ́ Ẹtì.

"Ìwọ lo kọ eléyìí?" Alhaja béèrè, ó nàka sí lébẹ̀lì.

"Èmi ni, mà."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà."

"Gbé omi wá."

Suara pọn omi kún táǹkì ẹ̀yìn WC kan, ó fà á. Alhaja ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Omi náà dé ìlà kẹsàn-án gẹ́lẹ́. Ó ní kó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ṣe é, Suara sì ń làágùn bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì.

"Kò ní bọ́tìnnì kékeré fún ìtọ̀?"

"Kò ní, mà. Béèyàn tọ̀ o, bó yàgbẹ́ o, mẹ́sàn-án náà ni."

Alhaja kọ ọ́ sínú ìwé. Fóònù rẹ̀ dún. "Ẹ má tíì ṣí i o," ló sọ síbẹ̀. "Ẹ ní kí wọ́n dúró dè mí." Ó wá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó rọra da omi náà padà sínú kẹ́ẹ̀gì Suara, ẹ̀kán kan kò ta sílẹ̀.

Suara kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Alhaja, bẹ́ ẹ bá máa kó wọn, ẹ kó wọn. Ó ti sú mi!"

"Kí n kó wọn lọ síbo?"

"Ṣebí ẹgbẹ́ ló rán yín?"

Alhaja bú sẹ́rìn-ín. "Ẹgbẹ́ wo? Alhaja Màrdíyyàh ni mí. Ayálégbé méjìlá ló wà nílé mi l'Órẹ̀gùn, WC ni mo fẹ́ ṣe fún wọn. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni mo ti dé, irọ́ ni gbogbo wọn kọ. Màá kó méjèèjìlá."

Suara rò pé ọ̀rọ̀ náà kò yé Alhaja. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mẹ́sàn-án ni o. Kì í ṣe mẹ́rin."

"Mo gbọ́. Òótọ́ tí o kọ yẹn gan-an ni mo wá rà."

Omi lé ròrò sójú Suara.

Nígbà tí ẹgbẹ́ dé lọ́jọ́ Ẹtì, ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n bá. Suara wà l'Órẹ̀gùn, òun àti púlọ́ńbà méjì, wọ́n ń fi àwọn WC náà sílé Alhaja. Òṣìṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn ayálégbé.

"Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa o," Aisha, ọ̀kan nínú wọn, sọ fún Suara. "Ṣáláńgá la ní tẹ́lẹ̀, búútà kan péré la sì máa ń dà sí i."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, iṣẹ́ parí. Alhaja fúnra rẹ̀ ló gbé omi kún táǹkì kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n fà á wò. Wọ́n fà á, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ṣàdúrà fún un, Suara sì ń ṣe àmín kíkankíkan níbi tó ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Òtítọ́ tó kùtà ti rí oníbàárà.

Nígbà tí wọ́n fa WC méjèèjìlá tán tí omi inú wọn gbẹ, Alhaja Màrdíyyàh lọ ṣí fèrèsé irin kékeré tó wà lára ilé kànga-dẹ̀rọ rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo àdúgbò náà, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì onílà pupa sábẹ́ àkọlé tó ní OMI WÀ FÚN TÍTÀ, àwọn ayálégbé sì gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, wọ́n tò láti ra lítà mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án.