Ikọ́ Tí Ó Pè Ní Eruku Aṣọ

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá tẹ̀ lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ kà á tán ná. Bí aláboyún bá wà nílé yín, ẹ kà á sí i létí.

1.

Obìnrin aránṣọ kan wà tó jẹ́ pé aṣọ ìgbéyàwó nìkan ló ń rán. Ọjọ́-Ò-Yẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí bó bá ti ní Sátidé, Sátidé náà ni. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ń ṣiṣẹ́, kò yẹ ọjọ́ rí. Orúkọ yìí dùn mọ́ ọn ju oúnjẹ lọ. Bó bá ti fa aṣọ lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́, á ní, "Ẹ̀mí á lò ó."

Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Àbúrò ló ń fi ọwọ́ rán ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ aṣọ. Ọdún méje ló lò nílé ọkọ kó tó lóyún, oyún náà sì ti pé oṣù mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n ti fi ìgékù aṣọ ìyàwó kan rán fìlà kékeré fún ọmọ náà, ó tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ.

2.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Ọjọ́-Ò-Yẹ̀ jí, ọ̀fun ń dùn ún, ara rẹ̀ ń gbóná. Nígbà yẹn, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń gba èémí ràn ti wọ àdúgbò. Ilé ìwòsàn ti kéde pé kí ẹni tó bá ń wúkọ́ jókòó sílé, kó sì jìnnà sí aláboyún. Ó gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n aṣọ ìyàwó kan gbọ́dọ̀ jáde ní Sátidé.

Ó fi ìbòmú bo ẹnu dé ṣọ́ọ̀bù. Ṣé ẹ mọ bí àwọn aránṣọ ṣe ń ṣe? Bí wọ́n bá ń ṣẹ́tí aṣọ, ẹnu ni wọ́n ń kó píìnì sí. Ìbòmú ò gbà á láyè, ló bá bọ́ ọ, ó fi kọ́ ọrùn ọmọlangidi tí wọ́n ń wọ aṣọ fún. Ẹ gbà mí o! Ọmọlangidi tí kì í mí ló wọ ìbòmú, ẹni tó ń wúkọ́ la ẹnu sílẹ̀. Wọ́n tún ti gbogbo fèrèsé pa, kí eruku má baà ba aṣọ funfun jẹ́.

Ìyá àgbà tó ń bá wọn lọ aṣọ wò ó títí. "Ọ̀gá, ẹ lọ sinmi. Ẹ pe ìyàwó tó ni aṣọ, kó fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan sí i."

"Kí n yẹ ọjọ́? Èmi?"

Àbúrò gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ikọ́ yìí ò ti pọ̀ jù báyìí? Ẹ sọ òótọ́ fún mi o. Ẹ mọ̀ pé èmi nìkan kọ́."

"Eruku aṣọ ni," ni Ọjọ́-Ò-Yẹ̀ dá a lóhùn. "Bọ́ síbí jàre, wá bá mi di etí aṣọ mú."

Àbúrò gbà á gbọ́. Ta ni kò ní gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́? Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi forí korí lórí aṣọ kan náà. Ẹ̀gbọ́n á yọ píìnì lẹ́nu, àbúrò á gbà á, á fi eyín há a kó tó gún un mọ́ aṣọ.

3.

Aṣọ parí lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ náà ni ìyàwó pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Àìsàn yìí ti wọ ilé àwa náà, a ti sún ìgbéyàwó síwájú. Ohùn yín ò dáa o! Ṣé ẹ̀yin náà ò gbádùn ni? Kí ló dé tí ẹ ò sọ? Mo lè dúró nígbàkigbà."

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ dáadáa tí ọkọ àbúrò rẹ̀ fi pè. Ó ní ìyàwó òun ò lè mí dáadáa, wọ́n ti wà nílé ìwòsàn. Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ tó máa ń yí nínú rẹ̀ kò yí mọ́.

Dókítà rọra sọ̀rọ̀. "Àìsàn yìí máa ń le lára aláboyún ju ara ẹlòmíì lọ. Ó lè pa ọmọ inú lára. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n a ò rí nǹkan mìíràn."

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni ìyá tó ń lọ aṣọ ń fi tu àbúrò nínú. Àbúrò kọjú sí ògiri.

4.

Ara Ọjọ́-Ò-Yẹ̀ yá, ṣùgbọ́n oṣù méjì kọjá, kò rí nǹkan oṣù rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó sáré lọ rí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó máa ń ṣe àwọn obìnrin kan bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àìsàn yìí, pé ó sábà máa ń padà bọ̀ sípò. Lóòótọ́, ní oṣù kẹta, ó padà. Tirẹ̀ padà o. Ó jókòó sílẹ̀ nílé ìwẹ̀, ó sunkún.

5.

Ọjọ́ kan, àbúrò wá mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó rí fìlà, ó ti dúrọ́ọ̀ padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Lọ́jọ́ Ajé yẹn, ṣé eruku aṣọ ni?"

Ọjọ́-Ò-Yẹ̀ yíjú wo ọmọlangidi tó fi ìbòmú kọ́ lọ́rùn lọ́jọ́ náà. Àbúrò mú sísọ́ọ̀sì, ó lọ, kò sì padà wá mọ́.

Títí di òní, Ọjọ́-Ò-Yẹ̀ ṣì ń ránṣọ. Ṣùgbọ́n bó bá fa aṣọ lé èèyàn lọ́wọ́, kò lè sọ "Ẹ̀mí á lò ó" mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín. Bí ara yín ò bá yá, ẹ wí i. Ẹ bo imú, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jìnnà sí aláboyún. Ìwọ tí o lóyún, bí ẹni tó jókòó tì ọ́ bá ń wúkọ́, dìde, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí nǹkan oṣù bá dàrú lẹ́yìn àìsàn, ẹ lọ rí dókítà. Ọjọ́ ìgbéyàwó ṣeé sún. Ọmọ tó lọ yẹn ò ṣeé pè padà.

Gbogbo àgbà pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.