Búrọ́ọ̀ṣì Wọn

"Ìyàwó tí èmi Àkàngbé bá fi ẹnu ara mi kọ́, kò sí ẹni tó lè rí àléébù lára rẹ̀."

Fàráńdà ilé ọmọ rẹ̀ ní Surulere ni Àkàngbé ti ń sọ ọ́ fún Bàbá Sẹ̀kínátù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

"Ọmọ Wárì ni Christabel o. Nígbà tó dé, 'o' ni fún èmi baba ọkọ rẹ̀, 'o' ni fún pásítọ̀, 'o' ni fún àgbàlagbà tó ń gbé omi wá. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi tún ẹnu rẹ̀ ṣe."

"Báwo lo ṣe é?"

"Òfin kan ni mo fún un. Mo ní gbogbo ẹni tó o bá nínú ilé yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Má bèèrè ọjọ́ orí. 'Ẹ' ni kó o máa fi kí i, 'wọ́n' ni kó o máa pè é. Ó ní, 'Yẹ́ẹ̀sì, Bàbá.' Mo ní kò sí yẹ́ẹ̀sì mọ́, Yorùbá là ń sọ níbí."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Àwọn tí èmi bí sí Mushin, 'háú fà' ni wọ́n fi ń kí mi."

"Kó wọn wá sọ́dọ̀ mi."

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń ba ayé Àkàngbé jẹ́ nínú ilé náà. Bọ́bì ni, ajá gìrìwò kan tí Akínọlá ọmọ rẹ̀ ti ń sìn láti ìgbà àpọ́n. Ní Ládìpọ̀, níbi tí Àkàngbé ti ta ẹ́ńjìnnì àlòkù títí tó fi darúgbó, abẹ́ mọ́tò ni ajá ń sùn. Ti ilé yìí, orí àga ni. Itọ́ rẹ̀ a máa yọ̀ bí omi ilá láti ẹnu dé kápẹ́ẹ̀tì. Á lá ìdí ara rẹ̀ títí, á wá fi ahọ́n kan náà lá ọwọ́ àlejò.

Àárọ̀ Sátidé ló burú jù. Christabel á so ó mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, á wẹ̀ ẹ́, á nu ipin ojú rẹ̀. Á fa eégbọn yọ nínú etí rẹ̀, àwọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó bámúbámú, á jù wọ́n sínú agolo kẹrosíìnì. Lẹ́yìn náà á gbé ìrù rẹ̀ sókè, á fún ibì kan lábẹ́ rẹ̀, omi dúdú kan á sì tú jáde tó ń rùn bí ẹja tó ti kú sínú ọ̀rá. Àkàngbé á dúró lójú fèrèsé, á fi etí bùbá bo imú. Kò sì ní kúrò níbẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Akínọlá, ajá tàbí èmi. Tó bá jẹ́ èmi ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ò jìnnà."

Akínọlá ní kí baba òun fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan. Àkàngbé gbà. Òun nìkan ló mọ̀ pé ìjì ti ṣí òrùlé ilé Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí ibòmíràn tó lè sùn sí.

Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, nígbà tó gbọ́ tí Christabel ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú yàrá ìdáná.

"Mo ti ra búrọ́ọ̀ṣì tiwọn. Èémí wọn ti le jù. Wọ́n ti dàgbà o, ọ̀kan nínú eyín wọn ti ń mì. Ẹran rírọ̀ ni mo máa máa sè fún wọn."

Akínọlá rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀rín náà jáde láti inú fóònù. Ẹ̀rín yẹn dun Àkàngbé. Ó fi ahọ́n mi eyín rẹ̀ tó ń mì. Ọmọ tí òun bí ń fi òun rẹ́rìn-ín, ọmọ ọlọ́mọ ló ń tọ́jú òun.

Lọ́jọ́ kejì ó rí i lórí pẹpẹ balùwẹ̀: búrọ́ọ̀ṣì ọlọ́rùn gígùn, orí ńlá lápá kan, orí kékeré lápá kejì. Ó gbà pé èyí ńlá wà fún eyín, èyí kékeré fún ahọ́n. Ọṣẹ ìfọyín tó wà nídìí rẹ̀ kì í hó, ó sì ń ta sánsán bí ẹ̀dọ̀ ẹran. Ó fọ ẹnu tán, ó lá èyí tó kù ní ètè.

Àràárọ̀ ló ń lò ó. Nígbà míì á bá a ní tútù, á súre fún Christabel tó ti bá òun ṣàn án sílẹ̀. Nígbà míì irun kan á há sí i. Á fà á yọ, á fọwọ́ kan irùngbọ̀n ara rẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ Àìkú ó ń fọ ẹnu lọ́wọ́, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, nígbà tí Akínọlá pè é láti pálọ̀.

"Bàbá! Mo ti rí ẹni tó máa mú Bọ́bì. Ará Èbúté Mẹ́ta ni, ó ti wà lẹ́nu géètì. Mi ò lè fi yín wé ajá."

Christabel yọ sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di okùn ọrùn Bọ́bì mú. Ó wo pẹpẹ. Ó wá wo ẹnu Àkàngbé.

"Bàbá," ó rọra wí, "tiwọn lẹ ń lò yẹn."

"Ti ta ni?"

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sílẹ̀, níbi tí Bọ́bì jókòó sí, tó ti la ẹnu sílẹ̀, tó ń dúró.

"Mo bá wọn nílé yìí, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má bèèrè ọjọ́ orí."

"Bàbá," Akínọlá tún pè, "ṣé kó máa mú un lọ?"

Christabel yíjú sí pálọ̀, ó la ẹnu láti sọ ohun tó rí fún ọkọ rẹ̀.

Àkàngbé gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì, ó sì yára dáhùn ṣáájú rẹ̀, pé, "Akínọlá, jẹ́ kí wọ́n máa bá wa gbé."