Fíríìjì Inú Yàrá Títì

Àìlègba-ẹ̀bi ni àrùn tó ń ṣe Agbéko. Bí ó bá fẹsẹ̀ kọ, ilẹ̀ ló jẹ̀bi. Bí ọbẹ̀ bá ta sí i láṣọ, ẹni tó sè é ló jẹ̀bi. Òun ni ọ̀gá àwọn kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìwé ẹrù ní èbúté Lomé. Nínú yàrá kékeré kan níkàáwọ́ rẹ̀ ni àpótí pẹlẹbẹ tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀ so mọ́ wà. Bí àpótí yìí bá kú, ẹrù kankan kò lè jáde, àwọn awakọ̀ á sì máa ṣépè lẹ́nu géètì.

Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n fi sí yàrá náà nítorí àpótí wọ Agbéko lára, ó sì sọ ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́ rẹ̀. Ó ra fíríìjì kékeré, ó gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kó bíà sínú rẹ̀, ó sì ki wáyà rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà tí àpótí fi ń gba iná. Láti ìgbà náà, bí fíríìjì bá ti gbọn ara rẹ̀ rìrì láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná a wálẹ̀, àpótí a sì kú lójijì.

Agbéko gbọ́ gbígbọ̀n náà. Ó mọ̀. Àmọ́ nígbà tí Améyo, obìnrin tó ni ilé-iṣẹ́ náà, bi í léèrè, ó ní, "Màmá, Dzigbodi ni. Tó bá ti ń gbálẹ̀, ìgbálẹ̀ rẹ̀ á fa wáyà yọ."

"Háà, ọ̀gá!" ni Dzigbodi, obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà, kígbe. "Ìgbálẹ̀ mi ló wá di ọ̀tá kọ̀ǹpútà?" Owó iṣẹ́ yìí ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Agbéko gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fọ́nnu kiri: "Láti òní lọ, èmi nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Eṣinṣin ò gbọdọ̀ bà síbẹ̀!" Ó gbàgbé pé ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pé jọ sí ọ́fíìsì Améyo láti lé Dzigbodi lẹ́nu iṣẹ́. Agbéko gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin náà lọ́wọ́, ni ariwo bá sọ lẹ́nu géètì: "Ó tún ti kú o!"

Dzigbodi wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi ni mo jókòó síbí, àbí òjìji mi?"

Ẹ̀rín bú. Améyo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Agbéko, mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Màmá, yàrá yẹn dọ̀tí díẹ̀..."

"Ta ló gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá a?"

Bí ilẹ̀kùn ti ṣí, fíríìjì ló kọ́kọ́ kí wọn: gbìrì-gbìrì-gbìrì. Wọ́n fa wáyà rẹ̀ yọ, iná àpótí sì tàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n tún ki wáyà náà bọ ibẹ̀, àpótí kú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Agbéko tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dzigbodi lójú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà, Améyo ní kó gbé fíríìjì rẹ̀ rù, kó máa lọ, kó má padà wá mọ́. Bíà inú rẹ̀ kò bá a lọ. Àwọn awakọ̀ ń mu ún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí ìrìn rẹ̀, Dzigbodi sì ń fi ìgbálẹ̀ gbá ipasẹ̀ rẹ̀ dé géètì. "Agbéko, rọra o!" ni wọ́n ń pariwo. "Má jẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ tún jẹ̀bi!"

Ẹ̀yin ọ̀gá tó jẹ́ pé ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù lọ lẹ máa ń di ẹ̀bi rù, ẹ fi ti Agbéko kọ́gbọ́n. Bí iná bá kú, ibi tí iná ti ń wá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ má wo ojú ẹni tí kò ní alágbàwí. Ẹ̀bi tí a dì ru aláìlẹ́nu kì í pẹ́ lórí rẹ̀. Ó mọ ọ̀nà ilé ẹni tó dì í.